Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Ọ̀dà Pa Rẹ́ Lára Ògiri Ilé Wa

Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bá òun wá ilé tí òun máa rà, mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un pé kó má lọ wo ilé náà lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Kó dúró de òjò. Nígbà tí oòrùn bá ń ràn, kò sí ilé tí kò dára. Òjò ló máa fi ibi tí páànù ti ń jò hàn ẹ́, ibi tí omi ń gbà wọ yàrá, àti bóyá iwájú ilé náà ni gbogbo àgbàrá àdúgbò ń gbà kọjá. Mo máa ń ní kó wo ìdí ògiri dáadáa kó tó gbójú sókè, torí pé ọ̀dà tuntun lè bo nǹkan púpọ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo kọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá èèyàn wá ilé, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Tó bá wá jẹ́ ilé ẹbí ni wọ́n fẹ́ rà, ìmọ̀ràn kan wà tí kì í yẹ̀ lẹ́nu mi: ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan títí ẹ ó fi bá àwọn ọmọ obìnrin ilé náà jókòó. Àwọn ọkùnrin ló máa ń wá bá mi. Wọ́n á múra dáadáa, wọ́n á kó ìwé dání, wọ́n á ní gbogbo ẹbí ló ti fohùn ṣọ̀kan. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin ṣe jẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀ náà ni obìnrin jẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀, ì báà ti pẹ́ nílé ọkọ títí tó fi di ìyá àgbà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹni tó ra ilé bá ti já yanrìn sílẹ̀ ni wọ́n máa ń dé, tí wọ́n á ní ta ló bi àwọn léèrè kó tó tà á. Ó ṣojú mi lẹ́ẹ̀kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Yanrìn yẹn ṣì wà nílẹ̀, koríko ti hù lórí ẹ̀.

Oríta Takie ni mo máa ń jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe. Ìwé mi kò pọ̀. Mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, ìdánwò kò gbè mí, mo lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀dà. Nídìí kíkun ilé onílé ni mo ti mọ àwọn tó ń tà àti àwọn tó ń rà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ejẹ́ǹtì láì gba ìwé ẹ̀rí kankan. Mi ò lówó, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń sọ pé mi ò kí ń purọ́ fún wọn. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilé tiwa, ẹnu mi wọhò.

Àbúrò bàbá mi ló pè mí lórí fóònù. Òun ni olórí ẹbí wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, pákó ló ń tà ní Ọ̀yọ́, ó sì ní ilé tirẹ̀ níbòmíràn. Bàbá Kékeré là ń pè é. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo wà nídìí iṣẹ́ ilé ni? Wá ẹni tó máa ra ilé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún wa."

Mo ní, "Ilé bàbá yín?"

"Ilé bàbá mi, tí í ṣe ilé bàbá bàbá tìẹ. Mo ti bá gbogbo wọn sọ ọ́. Àwọn tó wà l'Ékòó ti gbà, àwọn tó wà n'Íbàdàn ti gbà. Ògiri ẹ̀yìn yẹn máa wó lu ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kan. Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá wú u jáde lábẹ́ amọ̀?"

Èmi náà ti rí ògiri yẹn. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lára ni. Lẹ́yìn, lọ́dọ̀ ilé ìdáná, ó ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èékánná ni mo máa ń fi tọpa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Nísinsìnyí, ìka mi wọ inú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tí Bàbá Kékeré ń wí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá. Ilé ọkọ kò gbà á, ó padà sílé bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Àwọn tó ń yájú máa ń pe irú wọn ní dálémoṣú, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ sí i létí nílé wa. Yàrá tó kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ òsì ni tirẹ̀. Níwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ sàréè náà ga díẹ̀. Orí ẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti pa ẹ̀gúsí. Tí wọ́n bá ti fún wa ní họlidé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá mi máa ń kó wa lọ. Èmi náà ti sun orí sàréè yẹn nígbà ooru, torí pé ó máa ń tutù.

Mo bi Bàbá Kékeré pé, "Ìyá ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?"

Ó ní, "Mi ò tíì sọ fún un. Ṣé o mọ̀ ọ́n? Tó bá gbọ́ kí ẹni tó máa rà á tó dájú, a ò ní gbádùn. Jẹ́ kí kọ́sítọ́mà dájú, èmi fúnra mi á lọ bá a. Ìwọ náà á kàn ní kó wá bá ẹ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ibẹ̀ á ti mọ́ ọn lára."

Ó yẹ kí n sọ fún un nígbà yẹn pé ìmọ̀ràn tí mò ń fún èèyàn kọ́ nìyí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Nǹkan kan wà lára ògiri iwájú ilé náà. Nígbà ayé bàbá mi, ìbátan wa kan fẹ́ dọ́gbọ́n tà á fún àlejò. Bàbá mi mú ọ̀dà dúdú, ó kọ ọ́ gàdàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Bàbá Kékeré ní kí n lọ fi ọ̀dà pa á rẹ́, torí pé ta ló máa dá owó lé ilé tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe títà? Ó bọ́gbọ́n mu. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì mi àti ọ̀dà aláwọ̀ wàrà lọ sí Ọ̀yọ́.

Ìyá bá mi lórí àkàbà. Ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá fún mi, ó dúró, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo rò pé ó máa béèrè ohun tó dé tí mo fi ń kun ilé. Mo ti ń wá irọ́ tí mo máa pa. Kò béèrè. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Máa ṣe é lọ. Kùn ún kó dán." Ó dúró títí mo fi dé orí ọ̀rọ̀ tí bàbá mi kọ. Ọ̀dà dúdú kì í tètè bò. Lẹ́yìn tí mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì ń hàn fìrífìrí lábẹ́, mo tún un kùn, ó tún hàn díẹ̀. Ìyá ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá rẹ máa dárí jì ẹ́. Kò yẹ kó máa wà níbẹ̀ tí àwọn àlejò bá dé."

Mo rò pé bóyá Bàbá Kékeré ti wá bá a sọ̀rọ̀. Mo rò pé bóyá ó ti gbà. Ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n bi í. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Tí mo bá bi í, tó sì jẹ́ pé kò mọ̀, èmi ni n óò sọ ọ́. Nígbà tí mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti kun ilẹ̀kùn, ó ti fi ẹfun kun sàréè ìyá rẹ̀, ó ti ra ẹní tuntun, ó ti gbá ẹ̀yìnkùlé mọ́ títí dé ìdí ògiri tó là. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo ń wò ó bí ẹni tó ń wo iná tó ń jó bọ̀, tí kò sì kígbe.

Ẹni tó fẹ́ ra ilé náà jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó ti mọ́ lára láti máa bi èèyàn ní ìbéèrè kó tó gbà gbọ́. Mọ́mì ni mo ń pè é. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, ilé tó háyà sì ń dà á láàmú. Mọ́mì fẹ́ ra ibi tó sún mọ́ títì, kó wó ohun tó wà níbẹ̀, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀ àti yàrá sókè. Mo sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ilé bàbá mi ni. Ó ní ó dùn mọ́ òun bẹ́ẹ̀, pé èèyàn kì í fi ilé bàbá rẹ̀ ṣe gbájúẹ̀.

Mo pe Ìyá lórí fóònù pé àwọn àlejò kan ń bá mi bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Mọ́mì jọ wọ bọ́ọ̀sì láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tíì pẹ́ tí a kúrò ní gáréèjì tó yíjú sí mi.

"Wò ó, jẹ́ ká gbàgbé pé tìẹ ni. Tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ rà á, kí lo máa béèrè?"

Mo sọ ti òjò fún un. Mo sọ ti ìdí ògiri, mo tilẹ̀ sọ fún un pé ògiri ẹ̀yìn ti là. Ó ní kò kan òun, òun máa wó o. Ó ní, "Kí ló tún kù?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ mi lẹ́nu sí, ó jáde.

"Ẹ máa ń bá àwọn ọmọ obìnrin ilé jókòó, mà. Àwọn ló mọ ẹni tó ń sùn nínú yàrá."

Ó mi orí, ó wo ojú fèrèsé. Mo ń wo igi kájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ń gbàdúrà pé kí mọ́tò bàjẹ́.

Ọmọ rẹ̀ pàdé wa ní Ọ̀yọ́, àwa mẹ́ta sì fẹsẹ̀ rìn wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìyá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bùbá àti ìró tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá ló wọ̀. Obìnrin kan tó ń gbé ojúlé kejì sì wà lẹ́yìn rẹ̀, òun náà múra.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀yin èèyàn Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mà kú àárẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ wọlé."

Ọmọ Mọ́mì kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá fà á dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wò mí. Ó tún wò ó.

Ó sọ fún ará ojúlé kejì pé, "Ó fi díẹ̀ ga ju ọmọ wa lọ."

Ìyẹn ní, "Kò burú. Ó máa bá wọn ká ìbẹ́pẹ."

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Mo ti kun ilé. Lọ́dọ̀ wa, ọmọkùnrin tí kò tíì níyàwó, tó bá ṣàdédé wá ń kun ilé bàbá rẹ̀, kí ni ẹ rò pé ó kàn? Bẹ́ẹ̀ ni mo tún mú ìyá kan wá pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, láti ìlú tí mò ń gbé. Ìyá rò pé wọ́n wá wo ilé wa ni, bí àwọn tó fẹ́ fún èèyàn lọ́mọ ṣe máa ń wá wo irú ilé tí ọmọ wọn ń bọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé bí àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ṣe ń ṣàwàdà nìyẹn. Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń wo obì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ nínú àwo.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ará ojúlé kejì jókòó síbẹ̀, mo sì ń rò ó pé báwo ni mo ṣe máa tú irú ọ̀rọ̀ yìí lójú ará ìta. Mo lọ gbé omi wá.

Mọ́mì gbàdúrà ní orúkọ Jésù, Ìyá ṣe àmín, òun náà ṣe àdúà tirẹ̀ ní ti Mùsùlùmí. Ó wá rọra bi Mọ́mì pé, "Ẹ má bínú sí mi o. Ṣé ẹ ò ní ní kó pa ìrun kíkí rẹ̀ tì?"

Mọ́mì ní, "Ta ni, mà?"

"Ọmọ wa."

Mọ́mì wò mí. Mi ò mọ ibi tí mo máa fi ojú sí. Ó ní, "A ò ní kí ẹnikẹ́ni pa ìrun tì, mà." Ó sì jẹ́ òótọ́.

Nígbà náà ni Ìyá dìde pé kí wọ́n wá wo ilé. Mo ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn wo ilé. Ẹni tó ń tà á máa ń dúró níwájú ibi tó ń jò, kó má baà hàn. Ìyá ń fa Mọ́mì lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ ni.

"Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọmọ yín ń bọ̀. Níbí, ó ń jò. Yàrá yìí dára, bàbá ẹ̀ ló lò ó, a máa fún wọn. Ògiri tibí yìí," ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn, "ẹ má jẹ́ kó máa sún mọ́ ọn. Èmi náà kì í pẹ́ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ máa tún un ṣe. Òun náà kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà tún iwájú ilé ṣe yìí?"

Ó mú ọmọbìnrin náà padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìyá mi nìyí. Kúnlẹ̀, kí wọn."

Ọmọbìnrin náà wo ìyá rẹ̀. Mo rò pé ó máa kọ̀. Ó ká ìró rẹ̀ díẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó ní, "Ẹ kú ilé, mà." Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó bímọ sínú ilé náà, kí ilé náà má fọ́ mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó mú abọ́ tánńganran kan jáde tí òdòdó aláwọ̀ búlúù wà lára rẹ̀. Abọ́ ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí ọwọ́ wa bá kan abọ́ yẹn, ìgbájú ni. Ó fi lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́.

Mọ́mì ní kí n wá fi ẹ̀yìnkùlé han òun.

A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó là. Kò gbé ohùn sókè.

"Màmá yẹn kò mọ̀ pé ẹ fẹ́ ta ilé."

"Wọn ò tíì sọ fún wọn, mà."

"Àwọn ta ni?"

"Àwa, mà."

"O ní kí n bá obìnrin ilé jókòó. Mo ti jókòó. Wọ́n ti súre fún ọmọ mi pé kó wá bímọ síbi tí mo fẹ́ fi kàtàpílà wó." Ó fi ọwọ́ kan ògiri náà, iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ já bọ́. "Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí? Ilé yìí bá mi lára mu. Ó sún mọ́ títì. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá yẹn pé òun tà á, mi ò rà á. Kì í ṣe lẹ́nu bàbá tó ń ta pákó o. Kì í ṣe lẹ́nu tìẹ."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀."

Kò tú ọ̀rọ̀ náà síta lójú Ìyá. Ó padà wọlé, ó jẹ obì, ó dúpẹ́, wọ́n sì jọ dágbére bí ẹni tó máa tún pàdé. Nígbà tí a dé ìta, ọmọ rẹ̀ na abọ́ náà sí mi, ó ní, "Ẹ bá mi dá a padà fún wọn, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ̀ ọ́ lójú wọn." Mo fi ẹ̀wù wé e, mo gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tí mo ròyìn fún Bàbá Kékeré, ó bínú gan-an. "Kí ló gbé ẹ dé ìdí kí o máa sọ fún kọ́sítọ́mà pé kó lọ bá obìnrin jókòó?"

"Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún gbogbo èèyàn ni, sà."

"Ṣé àwa ni gbogbo èèyàn ni?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni òjò bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti ń kù rìrì lápá ibi tí Ọ̀yọ́ wà, mo máa ń jáde síta láti wò ó. Mo ń rò ó pé tí mo bá lọ sọ fún un, mo lè fi ìbànújẹ́ pa á. Tí mi ò bá sì lọ, ògiri lè pa á kí n tó sọ ọ́. Abọ́ náà wà lórí tábìlì mi, mi ò lè fi nǹkan kan sínú ẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé e, mo lọ.

Orí sàréè ni mo bá a, ó ń pa ẹ̀gúsí. Mi ò tíì kí i tán tó ti rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó gba abọ́ náà, ó yí i wò bóyá ó ti fọ́.

Ó ní, "Wọ́n kọ̀ ẹ́."

"Wọn ò kọ̀ mí, Ìyá. Wọn ò wá nítorí mi." Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ ohun gbogbo fún un. Mo sọ ti Bàbá Kékeré, mo sọ ti àwọn tó wà l'Ékòó àti Ìbàdàn, mo sọ ìdí tí mo fi kun ilé. Ó ń pa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

"Ọmọbìnrin yẹn," ó ní, "kì í ṣe ìyàwó?"

"Kì í ṣe ìyàwó, Ìyá."

"Mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wa. Mo ní kí wọ́n bá mi ra aṣọ sílẹ̀." Ó gbọn èèpo kúrò ní itan rẹ̀. "Kí ni kí n wí fún wọn báyìí?"

Mo ti múra sílẹ̀ de igbe, mo ti múra sílẹ̀ de èpè. Ti ìyàwó yìí ni mi ò múra sílẹ̀ dè.

Ó pẹ́ kó tó béèrè ti ilé. "Gbogbo wọn ló mọ̀?"

"Gbogbo wọn."

"Èmi wá ni àlejò." Ó gbé abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Tí ẹ bá tà á, ibo lẹ ní kí n máa gbé?"

"Lọ́dọ̀ mi."

"Nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn? Ìwọ ńkọ́?"

"Mo lè máa sun ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹni tí kò ríbi sùn ló ń bá gbogbo ayé wá ilé."

Mo ní, "Ìyá, ògiri yẹn máa wó."

"Mo mọ̀. Mi ò sọ pé kò ní wó. Tó bá di ìdájí, tí mo bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, mo máa ń gbọ́ ọ tí iyẹ̀pẹ̀ ń já bọ́ nínú ẹ̀. Ṣé o rò pé ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi?" Ó dá ẹ̀gúsí dúró. "Bàbá mi ò lé mi nígbà tí mo kó ẹrù mi dé. Ó kàn ní kí n lọ wẹ̀, pé yàrá mi ṣì wà. Mi ò tà á. Ẹ lè tà á tí mo bá kú. Sọ fún ìyá nọ́ọ̀sì yẹn bẹ́ẹ̀, kó má máa retí. Èèyàn dáadáa ni." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé o ní ọ̀dà dúdú?"

Mo sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ra ọ̀dà dúdú, mo dúró níwájú ilé, mo sì tún ọ̀rọ̀ bàbá mi kọ. Ọwọ́ mi kò dára tó tirẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà aláwọ̀ wàrà, tirẹ̀ ṣì ń hàn fìrífìrí, mo sì fẹ́ gba orí ẹ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ṣìṣe níbi tó ti kọ TÍTÀ, tèmi wá yà kúrò lára tirẹ̀. Ará ojúlé kejì dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, ẹ ti tún ń fi nǹkan dúdú bà á jẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣègbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn?"

Ìyá dá a lóhùn láti inú ilé. "Wọ́n ti sún un síwájú." Ó jáde, ó wo ògiri náà. "Kà á fún mi."

Mo kà á.

"Ìyẹn nìkan ni?"

"Ìyẹn nìkan ni, Ìyá."

"Ó dáa."

Mo sọ fún Mọ́mì. Ó ní òun ti mọ̀, ó sì ní kí n bá òun wá ilé míì tí kò ní sàréè. Bàbá Kékeré kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó dúró níwájú ọ̀rọ̀ yẹn, ó lọ sẹ́yìn lọ wo ògiri. Nígbà tó yá, ó kó pákó ńlá mẹ́rin wá, èmi àti ẹ̀ fi ti ògiri náà. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀, pé pákó kì í ṣe àtúnṣe. Amọ̀ tó ti gbomi wúwo ju pákó lọ.

Mo ṣì ń jókòó sí Takie. Tí wọ́n bá bi mí léèrè, ohun tí mò ń sọ tẹ́lẹ̀ náà ni mo ṣì ń sọ: òjò, ìdí ògiri, àwọn obìnrin ilé. Mi ò kí ń yára sọ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tí ojú ọ̀run bá ṣú, mo máa ń fi kọ́sítọ́mà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo máa ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo máa pe Ìyá. Nígbà míì, kì í tètè gbé e. Fóònù á máa dún, á máa dún, èmi á máa wo àwọn ọlọ́kadà tó ń sá fún òjò.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó dún títí tó fi já. Mo tún un pè. Ó gbé e, mo sì gbọ́ òjò lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ó ń rọ̀ gan-an.

"Ìyá, níbo lẹ wà?"

"Mo wà lẹ́yìn. Mò ń wo ògiri."

"Ẹ kúrò níbẹ̀, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

"Tí mo bá wọlé," ó ní, "ta ló máa wá wò ó?"